Bí Ẹyinjú Ṣe Ń Rìn: Ohun tí Ojú Ń Sọ Nípa Ọpọlọ



Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ dúró síwájú dígí. Ẹ tẹjú mọ́ ẹyinjú yín òsì, kí ẹ tún gbójú lọ sí ọ̀tún, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kí ẹ ṣọ́ ọ tó, ẹ kò ní rí i kí ojú yín rìn. Ẹ wá pe ọmọ kan kó dúró tì yín. Ọmọ náà yóò sọ fún yín pé kedere ni òun ń rí ojú yín tó ń fò láti ìhà kan sí ìkejì. Ìdí rẹ̀ ni pé ní àsìkò tí ojú bá ń fò, ọpọlọ a máa dín ohun tí ojú ń rí kù, kí ayé má baà máa sáré kọjá lójú wa. Ojú wa ń fò bíi ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lójúmọ́, ó lé ní 100,000 ìgbà. A ń jẹ, a ń ṣòwò, a ń kàwé, a kò sì mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ìrìn ẹyinjú jẹ́ iṣẹ́ ọpọlọ tí a lè fi ojú lásán wò láìla orí ẹnikẹ́ni. Nílùú bíi Èkó, níbi tí owó àyẹ̀wò MRI tó ń ya àwòrán inú orí ti ń mú kí ọ̀pọ̀ ìdílé padà sílé láìṣe é, ó yẹ kí ìrìn ẹyinjú wà lára ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa wò. Ó sì yẹ kí àwa fúnra wa máa wọ̀n ọ́, kí a máa kọ ọ́ sílẹ̀, lára àwọn àgbà tiwa.

Kí ló dé tí ojú fi ní láti máa rìn? Ẹ na apá yín síwájú, kí ẹ wo èékánná àtàǹpàkò. Ìwọ̀n ibi tí èékánná yẹn bò ni ibi tí ojú wa ti ń ríran dáadáa tó láti ka ìwé tàbí láti mọ ojú ènìyàn. Gbogbo ìyókù, bàìbàì ni. Ẹni tó ń sọdá títì ní Ojúẹlẹ́gba rò pé òun rí dánfó, ọ̀kadà, ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti gọ́tà tó wà lẹ́sẹ̀ òun pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò rí wọn pọ̀. Ojú rẹ̀ ló ń fò láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, tí ọpọlọ sì ń to àwọn àwòrán kéékèèké yẹn pọ̀ di títì kan ṣoṣo.

Iṣan mẹ́fà ló ń fa ẹyinjú kọ̀ọ̀kan. Okùn mẹ́ta tó ti ọpọlọ wá ní ìhà kọ̀ọ̀kan ló ń mú àṣẹ wá fún wọn: ìkẹta, ìkẹrin àti ìkẹfà nínú okùn méjìlá tó ti ọpọlọ jáde sí orí àti ọrùn. Àṣẹ fífò sí òsì tàbí ọ̀tún ní ibùjókòó tirẹ̀ nísàlẹ̀ ọpọlọ, àṣẹ fífò sókè àti sísàlẹ̀ sì ní tirẹ̀ lókè díẹ̀ sí i. Títọ nǹkan tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tún gba ọ̀nà mìíràn. Nítorí náà, bí dókítà bá rí i pé ojú aláìsàn lè lọ sí ẹ̀gbẹ́ ṣùgbọ́n kò lè lọ sísàlẹ̀, ó ti mọ àdúgbò tí àìsàn náà wà nínú orí kí ó tó ránni lọ ya àwòrán kankan.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ṣọ́ ìrìn yìí. Ní 1879, dókítà ojú kan ní Paris, Émile Javal, kọ̀wé pé ojú ẹni tó ń kàwé kì í ṣàn lórí ìlà, ó ń fò ni, ó ń dúró, ó tún ń fò. Ní 1898, Edmund Huey ní Amẹ́ríkà fi nǹkan tí a fi ẹfun ṣe, tó ní ihò láàárín, lé ẹyinjú àwọn tó ń kàwé, ó so ó mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fa ìlà sára ìwé tí èéfín ti dú. Kokéènì ni wọ́n fi ń pa ojú náà kú kí ó tó ṣeé ṣe. Inú mi dùn pé Raymond Dodge tètè dé, tó fi ìmọ́lẹ̀ àti kámẹ́rà ṣe tirẹ̀ ní 1901 láìfọwọ́ kan ẹyinjú ẹnikẹ́ni. Ní 1963 ni David Robinson wá fi wáyà tín-ín-rín yí ojú po nínú agbára mágínẹ́ẹ̀tì, tí ó fi lè wọn ìrìn tó kéré jọjọ. Lóde òní, kámẹ́rà àti ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà: kámẹ́rà ń ṣọ́ ọmọlójú àti kíńkíní ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn lára ẹyinjú, kọ̀ǹpútà sì ń ṣírò ibi tí ènìyàn ń wò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni iṣẹ́ Alfred Yarbus ní Moscow. Ó gbé àwòrán kan tí ayàwòrán Repin yà síwájú ẹnì kan: ọkùnrin kan tó ṣàdédé wọlé bá ìdílé rẹ̀. Ó bi ẹni náà pé ọjọ́ orí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tó mélòó, ojú ẹni náà ń lọ láti ojú dé ojú. Ó tún bi í bóyá ìdílé náà rí jájẹ, ojú ẹni náà yí lọ sí aṣọ àti ohun èlò ilé. Àwòrán kan náà ni, ẹni kan náà ni. Ìbéèrè ló yàtọ̀. Ọdún 1967 ni ìwé rẹ̀ jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti gbà pé ipa ọ̀nà tí ojú ń tọ̀ ń fi èrò inú hàn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa rò ó pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Iléṣà.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àìsàn kan tó ń dé nígbà òjò. Ẹni tí ara rẹ̀ yá gágá lánàá á ṣàdédé máa gbọ̀n, á máa rìn tàgétàgé bí ẹni pé ó mu ọtí, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, iyè rẹ̀ á máa wá, á máa lọ. Ojú rẹ̀ á sì máa mì, ẹyinjú méjèèjì á máa fì síwá sẹ́yìn láìdúró. Ní 1958, J. Wright àti David Morley kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Morley yìí náà ni ẹni tó dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n fura pé kòkòrò àrùn ló wọ ọpọlọ àwọn ènìyàn náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ní Ìbàdàn tún kọ nípa àjàkálẹ̀ irú rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1972. Òjò á dá, àìsàn náà á lọ. Òjò mìíràn á bẹ̀rẹ̀, á tún dé.

Dókítà Bọ́lá Adámọlẹ́kún ló wá tú u. Ní 1993, ó tọ́ka sí oúnjẹ tí àwọn aláìsàn náà jẹ kí àìsàn tó dé: ìdin Anaphe, èyí tó ń kóra jọ hun ilé òwú sára igi. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin tí ẹ mọyì aṣọ òkè, nítorí òwú ilé rẹ̀ ni wọ́n fi ń hun sányán, bàbá aṣọ. Àkókò òjò ni wọ́n máa ń rí ìdin yìí kó nínú igbó, ẹran tó sì rọrùn fún ẹni tí owó ẹran màlúù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ìdin náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú ara, iná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ojoojúmọ́ jẹ́ kìkì ẹ̀bà àti láfún kò ní B1 púpọ̀ nípamọ́ tẹ́lẹ̀. Ó jẹ ìdin, ó tún jẹ òkèlè kíkún lé e, ara rẹ̀ ń wá B1 tí yóò fi lo oúnjẹ yẹn, kò rí i. Apá ọpọlọ tó ń darí ojú àti ìdúró ni ó kọ́kọ́ jìyà. Ní 1994, Adámọlẹ́kún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn aláìsàn kan ní B1, wọ́n fún àwọn mìíràn ní ohun tí kò lágbára kankan, láìsọ èwo lèwo. Àwọn tó gba B1 ni ara wọn yá. Ní 2000, àwọn onímọ̀ láti Japan tún fi hàn pé ohun tó ń ba B1 jẹ́ náà wà nínú ìdin yẹn ní tòótọ́.

Mo pẹ́ lórí ìtàn yìí nítorí pé ojú wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti 1881 ni Carl Wernicke ní Jámánì ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn mẹ́ta tí ojú wọn kò rìn dáadáa, tí ẹsẹ̀ wọn kò dúró, tí iyè wọn sì ti rú. Àìní B1 ni a mọ̀ ọ́n sí lónìí. Bí wọ́n bá sì fún aláìsàn ní B1, ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbádùn, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀. Kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà nìkan ni eléyìí wà fún. Aláboyún tó ti ń bì láìdáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè bọ́ sínú rẹ̀ níbí ní Múṣin. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rù, ẹni tí ọtí ti di oúnjẹ rẹ̀, wọ́n wà nínú ewu kan náà. Àwa ará Èkó sì fẹ́ràn kí wọ́n fa omi sí wa lára. Bí omi ṣúgà bá ṣáájú B1 wọ ara irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ohun tí yóò ti í ṣubú pátápátá. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ wà níbí, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó so omi mọ́ ẹni tí kò jẹun bọ̀rọ̀, ẹ ní kó tẹjú mọ́ ìka yín, kí ẹ gbé ìka náà sọ́tùn-ún sósì. Bí ojú bá ń mì tàbí tí kò lọ dé òpin, ẹ pe dókítà nípa B1 kí omi yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ àgbà.

Ojú àgbà kì í fò bíi ti ọmọ ogún ọdún, kò sì burú. Bí iná kékeré bá tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dọ́ máa ń nílò nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kí ojú rẹ̀ tó gbéra. Ti àgbà á pẹ́ díẹ̀ sí i. Bí nǹkan bá ń sáré kọjá, ojú àgbà á máa rẹ̀yìn, á sì máa fò lé e bá. Wíwo òkè pẹ̀lú á dínkù bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ní láti gbé orí sẹ́yìn kó tó rí ohun tó wà lókè àjà kò ní àìsàn kankan nítorí ìyẹn nìkan.

Ìdánwò kan wà tí mo kà sí ìṣúra. Ní 1978 ni P. E. Hallett gbé e jáde. Wọ́n á ní kí ènìyàn wo àárín. Iná á tàn lọ́tùn-ún. Wọ́n ti sọ fún un pé bó bá ti tàn lọ́tùn-ún, òsì ni kí ó wò. Ojú fẹ́ lọ síbi iná nípa ẹ̀dá. Iwájú ọpọlọ ló ní láti dá a dúró kó sì yí i padà. Ẹnikẹ́ni lè ṣe àṣìṣe nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àgbà sì máa ń ṣe é ju ọ̀dọ́ lọ, ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ á padà síbi tó tọ́. Ẹni tí àrùn ìgbàgbé ń bá jà ń ṣe àṣìṣe náà léraléra, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sì ní tún un ṣe.

Kí ló dé tí mo pè é ní ìṣúra? Nítorí pé kò béèrè ìwé kíkà. Ọ̀pọ̀ ìdánwò tí a fi ń mọ̀ bóyá àgbà ti ń ṣarán ni wọ́n ṣe fún ẹni tó lọ sí ilé-ìwé: kọ gbólóhùn kan, ya àwòrán yìí, ka nọ́ńbà padà sẹ́yìn. Ìyá tó ti ń ta ìrẹsì ní Tẹ́júòṣó fún ogójì ọdún, tó mọ gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀ lórí, lè kùnà nínú ìdánwò bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò di bíírò mú rí. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà rí ìṣòro yìí gbangba nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1992, lábẹ́ Ọ̀ṣúntókun àti Hugh Hendrie, pẹ̀lú àwọn bíi Adéṣọlá Ògúnníyì tó tẹ̀ síwájú lẹ́yìn ikú Ọ̀ṣúntókun ní 1995. Wọ́n gbé ìbéèrè kalẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí kò kàwé lè fi dáhùn, wọ́n sì ń béèrè lọ́wọ́ ará ilé bóyá ìwà àgbà náà ti yí padà. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, nínú àwọn àgbà Yorùbá tó ti lé ní ọdún 65 ní Ìbàdàn, ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bọ́ sínú àrùn ìgbàgbé lọ́dọọdún. Láàárín àwọn ọmọ adúláwọ̀ Indianapolis, ìdá 3.24 ni. Iṣẹ́ yẹn kọ́ ayé pé a kò lè fi ara àgbà ibòmíràn ṣe òṣùwọ̀n fún àgbà tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí fún ìrìn ojú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wá sí Ìdí-Àràbà. Àwọn dókítà ọpọlọ ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó tó wà níbẹ̀ ti ń tọ́jú àwọn tó ní àìsàn Parkinson láti ọjọ́ pípẹ́. Nínú ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n ka ènìyàn 124 tí ara wọn ń le, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n tàbí tí ìṣísẹ̀ wọn ti falẹ̀. 98 nínú wọn ló ní Parkinson gan-an, àwọn tó kù ní ìdí mìíràn. Yíyà àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ṣe pàtàkì, nítorí oògùn tó ń ran ọ̀kan lọ́wọ́ lè má ṣe nǹkan kan fún èkejì. Ojú wà lára ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹni tó ní Parkinson bá fẹ́ wo ibi kan, ojú rẹ̀ máa ń fò kúkúrú, kì í dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún fò díẹ̀ sí i, á tún fò, kó tó débẹ̀. Kì í ṣẹ́jú tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé á sì máa sọ pé bàbá ń tẹjú mọ́ àwọn jù.

Àìsàn mìíràn wà tó jọ ọ́ tó sì burú jù ú lọ. John Steele, Clifford Richardson àti Jerzy Olszewski ló ṣàlàyé rẹ̀ ní Toronto, nínú ìwé tó jáde ní 1964. Ẹni tó bá ní i kì í gbọ̀n púpọ̀. Ó ń ṣubú ni, sẹ́yìn ló sì sábà máa ń ṣubú sí, láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn náà. Ojú rẹ̀ ń lọ́ra láti wo ìsàlẹ̀, títí kò fi ní lè wò ó mọ́. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nílé alájà méjì ní Sùúrùlérè: kò rí àtẹ̀gùn, kò rí ọbẹ̀ nínú abọ́, ọbẹ̀ ń dà sí bùbá rẹ̀, kò rí gọ́tà iwájú ilé. Àwọn kan á ní ó ti ń ṣe wúruwùru, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Dókítà tó mọṣẹ́ á di orí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́, á ní kó tẹjú mọ́ òun, á wá gbé orí náà sókè díẹ̀. Ẹyinjú tí kò lè wo ìsàlẹ̀ á lọ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Iṣan ojú kò kú, okùn rẹ̀ kò já. Àṣẹ láti òkè ni kò dé mọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni èyí gbà, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá kan àwa gan-an nìyí. Ní 2023, Okubadejo, Mie Rizig àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn nílé àti lókè òkun tẹ ìwádìí kan jáde nínú Lancet Neurology. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò àbùdá àwọn ọmọ adúláwọ̀ tó ní Parkinson àti àwọn tí kò ní i, púpọ̀ nínú wọn láti Nàìjíríà, wọ́n rí ìyàtọ̀ kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní GBA1, èyí tí kò wọ́pọ̀ rárá lára àwọn òyìnbó. Ẹni tó gba ẹyọ kan rẹ̀ lọ́wọ́ òbí ní ewu Parkinson tó tó ìlọ́po kan àtààbọ̀. Ẹni tó gba méjì, bíi ìlọ́po mẹ́ta àtààbọ̀. GBA1 yìí kan náà, bó bá bàjẹ́ pátápátá, ló ń fa àìsàn Gaucher lára ọmọdé. Nínú irú kẹta àìsàn yẹn, àmì tí dókítà fi ń dá a mọ̀ ni pé ojú ọmọ náà kò lè fò sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe yẹ, tí ọmọ náà fi ń ju orí tàbí kó ṣẹ́jú kó tó lè wo ẹ̀gbẹ́. Àbùdá tó ń da fífò ojú rú lára ọmọdé ni a rí lára àgbà tiwa tó ń gbọ̀n. Ìbéèrè bóyá ojú àwọn tó gbé ìyàtọ̀ tiwa yìí ń fò bíi ti àwọn yòókù, ìbéèrè Èkó ni. Kò sí ibi tó tún yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ ti jáde ju Ìdí-Àràbà lọ.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí òòyì, nítorí ó ń gbé ènìyàn púpọ̀ wá sí ilé ìwòsàn láàárín òru. Ẹnì kan jí, ilé ń yí i, ó ń bì, kò lè dúró. Ṣé etí ni àbí rọpárọsẹ̀? Ti inú etí á lọ fúnra rẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ẹ̀yìn ọpọlọ lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní 2009, Jorge Kattah, David Newman-Toker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà ṣàyẹ̀wò ènìyàn 101 tí òòyì wọn kò dáwọ́ dúró. Ohun mẹ́ta ni wọ́n wò. Àkọ́kọ́, wọ́n yí orí aláìsàn lójijì díẹ̀, nígbà tó tẹjú mọ́ imú dókítà: bí ojú bá yọ̀ kúrò tó sì fò padà, inú etí ni a fura sí, bí ojú bá dúró ṣinṣin nígbà tí ilé ṣì ń yí i, ẹ̀rù ọpọlọ ni kó bà wá. Èkejì, wọ́n wo bí ojú ṣe ń mì: bó bá ń mì sọ́tùn-ún nígbà tó wo ọ̀tún, tó sì yí padà sósì nígbà tó wo òsì, ọpọlọ ni. Ẹ̀kẹta, wọ́n fi ọwọ́ bo ojú kan kí wọ́n tó ṣí i: bí ojú bá wálẹ̀ tàbí gòkè láti bá ìkejì rẹ̀ dọ́gba, ọpọlọ ni. Àyẹ̀wò ojú yìí kò pàdánù ọ̀kankan nínú àwọn tó ní rọpárọsẹ̀, nígbà tí àwòrán MRI àkọ́kọ́ pàdánù bíi 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo mọ bí ó ṣe ń dunni tó pé kí ìdílé yá owó láti ya àwòrán kan, kí àwòrán náà sì sọ pé kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi yékéyéké: ẹni tó kọ́ ọ nìkan ló yẹ kó ṣe é, fún ẹni tí òòyì rẹ̀ kò dá nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má yí ọrùn ìyá rẹ̀ nílé.

Ohun tí ará ilé lè ṣe ni kí wọ́n fi fóònù ya fídíò ojú. Bí ojú ẹnì kan bá ń mì, tàbí tó yí sókè tó sì há síbẹ̀, ẹ tan iná sí i, ẹ ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó wọ mọ́tò. Kí ẹ tó ti Múṣin dé ilé ìwòsàn nínú gò-sílóò, ó lè ti lọ. Yíyí ojú sókè yìí ní ìtàn tirẹ̀ ní Yábàá, níbi tí ilé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ti wà láti 1907. Àwọn oògùn kan tó ń mú ọkàn aláìsàn balẹ̀, àti àwọn kan tí a ń lò fún èébì lásán, lè fa ojú ọ̀dọ́ sókè lójijì kó sì há síbẹ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí, wọ́n á ní ẹ̀mí kan ló gbé e, wọ́n á dá oògùn dúró, wọ́n á gbé e lọ ibòmíràn. Abẹ́rẹ́ kan ń tú u láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Dókítà á sì pààrọ̀ oògùn náà tàbí kó dín in kù.

Bákan náà, ẹni tí ìpénpéjú rẹ̀ ń wálẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀, tó ń rí nǹkan kan ní méjì, lè ní àìsàn kan tí ara fi ń gbógun ti ibi tí okùn àti iṣan ti pàdé. Bí wọ́n bá gbé yìnyín lé ìpénpéjú náà fún ìṣẹ́jú méjì tó sì gòkè, dókítà ti rí àmì tó lágbára. Yìnyín kò sì wọ́n ní Èkó.

Ojú tó ṣàìsàn fúnra rẹ̀ náà ń yí ìrìn padà. Ìwádìí ńlá lórí ìfọ́jú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ti lé ní ogójì ọdún, bíi márùn-ún ló ní glaucoma, àìsàn tó ń jẹ ẹ̀gbẹ́ ìran díẹ̀díẹ̀ láìdunni. Nínú àwọn tó ní i, ìdá 5.6 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló mọ̀. Ní London, David Crabb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fíìmù han àwọn àgbà ní 2014, wọ́n sì lo bí ojú ṣe ń rìn lórí fíìmù náà láti ya ọ̀pọ̀ àwọn tó ní glaucoma sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò ní i. Ẹ fojú inú wò ó pẹ̀lú fíìmù Yorùbá, ní gbọ̀ngàn ìlú kan ní Sùúrùlérè, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Iṣẹ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju agbára wa lọ. Àkọ́kọ́, kí a wọn ojú àwọn àgbà tí ara wọn le, láti ọdún 50 sókè, ní Yábàá, ní Múṣin àti ní Sùúrùlérè: bí ó ṣe yá tó kí ojú gbéra, bí ó ṣe fò jìnnà tó, iye àṣìṣe nínú ìdánwò Hallett. Kí àlàyé ìdánwò wà lédè tí àgbà náà ń sọ nílé, Yorùbá ni o, Ìgbò ni o, Haúsá ni o. Kí a kọ́kọ́ yẹ ojú wọn wò fún ohun tó ń dí ìran, nítorí ojú tí kò ríran kò ní fò dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má lọ pe ìyẹn ní àìsàn ọpọlọ. Kí a kọ ohun tí wọ́n ń lò ní oògùn àti ọtí, títí kan páráágà, nítorí ọtí ń mú kí ojú mì, kí fífò rẹ̀ sì falẹ̀. Kí a béèrè oorun wọn pẹ̀lú; ojú ẹni tó wa dánfó láti agogo mẹ́rin ìdájí kì í ṣe ojú ẹni tó sùn. Kí orúkọ wọn wà ní ìpamọ́.

Ẹ̀yin dókítà kékeré tí ẹ wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀yin kò nílò láti dúró de ẹ̀rọ. Ẹ mú bíírò kan. Nínú fáìlì gbogbo aláìsàn tó wá nítorí ìgbọ̀n, ìṣubú, òòyì tàbí ìgbàgbé, ẹ kọ ohun mẹ́rin: ṣé ojú lọ dé òpin lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, ṣé ó fò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó tọ bíírò náà láìyọ̀, ṣé ó ń mì nígbà tó dúró. Ẹ fi déètì sí i. Nígbà tí aláìsàn náà bá padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí abẹ́ ti àkọ́kọ́.